Ibi Tí Ìwé Àṣàbí Parí Sí

Irọ́ ni wọ́n pa fún mi. Ẹni tó pa á fún mi ni ẹni tí mo fẹ́ràn jù láyé nígbà náà, ìwé ìtàn lásán ló sì fi pa á. Mo gba irọ́ náà gbọ́, mo fi lọ́kọ, mo fi bímọ, mo fi dàgbà. Kí ẹ tó sọ pé irú òmùgọ̀ obìnrin wo rèé, ẹ fìdí kalẹ̀ ná, ẹ jẹ́ kí n rò ó fún yín bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Fáìzàh lorúkọ mi. Ọmọ Ìbàdàn pọ́ńbélé ni mí. Ring Road ni bàbá mi, Alhaji Surajudeen, ti ń ta sìmẹ́ńtì kí Ọlọ́hun tó pè wọ́n. Èmi ń ta aṣọ ọmọdé ní Dùgbẹ̀. Abdulmojeed ọkọ mi ti di ẹni àná, ọmọ kan ṣoṣo tó fi sílẹ̀ fún mi ni Àníọlá, tó wà ní yunifásítì, tó ń gbé ní Agbowó. Ìyá mi, Alhaja Àbẹ̀ḿbí, ló ń bá mi gbé nílé mi ní Challenge. Opó méjì ló wà nínú ilé wa. Ẹni tí kò bá gbé irú ilé bẹ́ẹ̀ rí ò lè mọ bó ṣe máa ń dákẹ́ tó.

Inú ìdákẹ́jẹ́ yìí ni Ọmọ́fẹ́ kó ọ̀rọ̀ ẹ̀ bá mi.

Ọ̀rẹ́ mi ni Ọmọ́fẹ́ láti ìgbà tí a ti jọ gba yàrá ní Agbowó, nígbà tí a wà níléèwé. Ọmọ Iléṣà ni, ẹnu ẹ̀ kì í sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó wọ ṣọ́ọ̀bù mi, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi etí ìborùn ẹ̀ fẹ́ ara ẹ̀.

"Fáìzàh, wọ́n rán mi níṣẹ́ sí ẹ o."

"Ta ló rán ẹ?"

"Akínbíyì."

Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Mo ń ká aṣọ, mo ká ọ̀kan náà lẹ́ẹ̀mẹta, Ọmọ́fẹ́ sì ń wò mí.

"Ó ti kó padà wá sí Bódìjà, sílé bàbá wọn," ó ní. "Òun àti ìyàwó ẹ̀ ti tú ká tipẹ́tipẹ́, obìnrin yẹn wà ní Kánádà. Ó ní kí n bá òun bi ẹ́ bóyá àyè ṣì wà. Tó o bá ti gbà, á wá kí Alhaja lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀."

"Ọmọ́fẹ́, ojú ò tiẹ̀ tì ẹ́! Iṣẹ́ alárinà tí o ṣe tì nígbà tí ara ẹ le, ìgbà tí orúnkún ń dùn ẹ́ lo tún fẹ́ wá ṣe é?"

"Iṣẹ́ téèyàn bá ṣe tì náà ló máa ń tún ṣe," ó ní. "Wọ́n ní bí ìyàwó bá ti mojú ọkọ, kí alárinà yẹ̀bá. Ẹ̀yin méjèèjì ò tíì jẹ́ kí n ráyè yẹ̀bá títí dòní."

A jọ rẹ́rìn-ín. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Àmọ́ kí n má parọ́, kí ó tó dé ọ̀nà ni mo ti ń ro aṣọ tí màá wọ̀ lọ́jọ́ náà.

Ìyá mi ni kò jẹ́ kí n dé ìdí ọ̀rọ̀.

"Rárá," ni wọ́n wí. "Ẹni tí obìnrin kó ẹrù jáde nílé ẹ̀! Ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹni tí bàbá ẹ ti kọ̀ fún ẹ láti ọjọ́ tó ti pẹ́! Ṣé torí pé Alhaji ti kú lo ṣe fẹ́ tẹ ọ̀rọ̀ wọn mọ́lẹ̀?"

"Ìyá, èmi náà kì í ṣọmọdé mọ́."

"Ó dáa, o ti dàgbà. Ṣùgbọ́n má jẹ́ kí ọmọkùnrin yẹn wọ ilé yìí, Fáìzàh. Mo bẹ̀ ẹ́."

Ìyá mi kì í bẹ èèyàn. Wọ́n á pàṣẹ, wọ́n á bú èèyàn, wọ́n á kọ oúnjẹ sílẹ̀, ṣùgbọ́n wọn kì í bẹ̀bẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣe mí ní kàyéfì. Mo kàn rò pé ẹ̀sìn ló ń já wọn láyà ni.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀.

Nígbà tí a wà ní Agbowó, ọkùnrin kan wà tó máa ń tẹ́ ìwé àlòkù sílẹ̀ lẹ́bàá ọ̀nà. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìwé kan tí wọ́n pè ní *Àṣàbí Lẹ́nu Ọ̀nà*. Mo na ọwọ́ sí i, ọ̀dọ́mọkùnrin kan náà na ọwọ́ sí i. Èmi ò jọ̀wọ́ ẹ̀, òun náà ò jọ̀wọ́ ẹ̀. Ọmọ́fẹ́ tó wà lẹ́yìn mi ló bú sẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n Akínbíyì! Ẹ fi sílẹ̀ fún un o, ọmọ Ìbàdàn ni, kò ní fi sílẹ̀ fún yín láéláé." Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà ni wọ́n jọ ń lọ. Bàbá Akínbíyì jẹ́ olùkọ́ ní yunifásítì, láti Adó-Èkìtì ni wọ́n ti wá tẹ̀dó sí Bódìjà.

Bí a ṣe jọ ra ìwé nìyẹn o. Ọ̀sẹ̀ yìí á wà lọ́dọ̀ mi, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á wà lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọmọ́fẹ́ ló ń gbé e lọ, òun náà ló ń gbé e bọ̀. Kí ó tó pẹ́, kì í ṣe ìwé nìkan ló ń gbé mọ́. "Ó ní kí n kí ẹ." "Ó ní ṣé o ti dé ibi tí Àṣàbí ti pọnmi fún Ládélé?" "Ó ní àlá tí òun lá, òun ò lè sọ ọ́ fún mi." Ẹ wo ìránkíránṣẹ́!

Ìtàn inú ìwé náà ò le. Àṣàbí ọmọ àgbẹ̀ fẹ́ràn Ládélé ọmọ káfíńtà. Bàbá Àṣàbí ní àwọn ò gbà, ọkùnrin mìíràn ni àwọn ti fi í fún. Níbi tí ọ̀rọ̀ dé góńgó, bàbá dúró láàárín ilé, ó ní, "Bí o bá gba ẹnu ọ̀nà yìí jáde, má pè mí ní bàbá mọ́." Àṣàbí gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ni ìwé wa tán sí. Ẹlẹ́pà kan ti ya ewé tó kù láti fi wé ẹ̀pà kó tó dọ́wọ́ wa. Mo ṣẹ́ èpè fún ẹlẹ́pà yẹn dé ìran kẹrin.

Kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ Àṣàbí fi di ọ̀rọ̀ èmi gan-an. Akínbíyì wá kí bàbá mi nílé. Bó ṣe wọlé ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bàbá mi fò dìde.

"Dìde nílẹ̀! Ọlọ́hun nìkan là ń foríbalẹ̀ fún nínú ilé yìí!"

Bẹ́ẹ̀ ni Alhaji ṣe rí. Àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn kì í dọ̀bálẹ̀ fún wọn, àwọn òṣìṣẹ́ wọn kì í dọ̀bálẹ̀. Ẹ bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, ẹ kí wọn, ó tán. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gba Akínbíyì lálejò, wọ́n fún un ní mínírà. Lẹ́yìn tó lọ, wọ́n pè mí.

"Ọmọ dáadáa ni," wọ́n ní. "N ò ní fi ẹ́ fún un."

"Kí ló ṣe, bàbá?"

"Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ̀sìn ẹ̀ yàtọ̀, ìlú ẹ̀ yàtọ̀. Sìdíkátù náà ní ọmọ dáadáa lòun tẹ̀ lé."

Sìdíkátù ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Ó tẹ̀ lé ọkùnrin kan lọ sí òkè Ọya, ibi ìkúnlẹ̀ ló kú sí, ìròyìn ìsìnkú ẹ̀ nìkan ló dé ọ̀dọ̀ wa. Ọmọ kékeré ni mí nígbà náà, mi ò fi bẹ́ẹ̀ rántí ẹ̀. Mo ní kí ló kan Sìdíkátù nínú ọ̀rọ̀ tèmi. Ẹ má dá mi lóhùn, ẹni tó ń fẹ́ràn èèyàn kì í gbọ́ nǹkan mìíràn.

Akínbíyì ń múra láti lọ sí Adó fún ọdún Àjíǹde. Ó sọ pé odindi ìwé Àṣàbí wà nínú àpótí bàbá bàbá òun. A jókòó sí ẹ̀bá omi ní Ẹlẹ́yẹlé, mo dì í lápá mú.

"Bá mi ka ìparí ẹ̀ wá," mo ní. "Ohun tí Àṣàbí bá ṣe lèmi náà máa ṣe. Tó bá gba ẹnu ọ̀nà jáde, màá jáde tẹ̀ lé ẹ."

"Fáìzàh, ìwé ni o."

"Mo mọ̀ pé ìwé ni. Ṣáà bá mi kà á."

Nígbà tó dé, ibẹ̀ náà la tún jókòó sí. Ó ti rù. Kò wojú mi, omi ló ń wò.

"Ó gbé ọwọ́ kúrò lára ilẹ̀kùn," ó ní. "Ó padà lọ jókòó ti bàbá ẹ̀. Ó fẹ́ ẹni tí wọ́n fi í fún."

"Ládélé ńkọ́?"

"Ládélé kó kúrò nílùú."

"Ṣé inú Àṣàbí wá dùn?"

"Ìwé náà ní, nígbà tó yá, ó rẹ́rìn-ín."

Mo sunkún lọ́jọ́ yẹn títí ohùn mi fi há. Akínbíyì gba iṣẹ́ ní Àbújá kí ọdún tó parí. Èmi padà lọ jókòó ti bàbá mi. Abdulmojeed wá fẹ́ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ ni, ó mọ̀ pé ẹnìkan ti wà lọ́kàn mi rí, kò béèrè rí. Tí òjò bá ti ṣú, á wá dúró dè mí ní Dùgbẹ̀ pẹ̀lú agbòòrùn. Nígbà tó yá, mo rẹ́rìn-ín lóòótọ́. Mi ò ní jẹ́ kẹ́nikẹ́ni fojú kéré ilé ọkọ mi.

Nígbà tí Àníọlá wà ní kékeré, tó bá ṣagídí, ìtàn Àṣàbí ni mo máa ń sọ fún un: ọmọ tó gbọ́ràn sí bàbá rẹ̀ lẹ́nu, tó sì rẹ́rìn-ín. Mo ti sọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tó fi ń kà á lórí.

Ọ̀túnla ọjọ́ tí Ọmọ́fẹ́ wá ní ṣọ́ọ̀bù ni Àníọlá dé láti Agbowó, ó ju báàgì sílẹ̀, ó yọ ìwé tuntun kan jáde.

"Mọ́mì, ẹ wo nǹkan! Wọ́n ti tún ìwé yín tẹ̀!"

Mo gbà á, mo fi ọwọ́ pa ara ẹ̀. *Àṣàbí Lẹ́nu Ọ̀nà.* Òórùn ìwé tuntun ló ń rùn, kò rùn bí ìwé tiwa àtijọ́.

"Ṣùgbọ́n Mọ́mì," ni Àníọlá wí, "mo ti kà á tán nínú ọkọ̀. Ta ló sọ fún yín pé ó fẹ́ ẹni tí wọ́n fi í fún?"

"Kí lò ń sọ? Bí ó ṣe parí nìyẹn."

"Kò parí bẹ́ẹ̀ o. Kò fẹ́ ẹ. Ẹ kà á fúnra yín."

Mo gbé awò mi sójú, mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mi ò fẹ́ fò lọ síwájú, ẹ̀rù ń bà mí. Ẹ gbọ́, ìwé máa ń yí padà tí èèyàn bá fi sílẹ̀ fún ọdún gbọọrọ. Ládélé tí mo rò pé ó gbọ́n, ọmọdé ni. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ gùn jù. Bàbá Àṣàbí tí mo ń bú nígbà náà, ní orí kẹrin, ó jí ní ìdájí, ó lọ sẹ́yìn àká, ó ń sunkún kí ìyàwó ẹ̀ má baà rí i. Mi ò rántí ibẹ̀ rárá. Nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ọ́, gbogbo ibi tí bàbá yẹn bá ti ń sọ̀rọ̀ ni mo máa ń fò.

Mo wá dé ibi tí ẹlẹ́pà ti ya ìwé wa. Àṣàbí gbé ọwọ́ lé ilẹ̀kùn. Mo ṣí ojú ewé.

Ó ṣí ilẹ̀kùn náà. Kò jáde, kò sì padà sẹ́yìn. Ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Bàbá, mi ò ní fi yín sílẹ̀, mi ò sì ní fẹ́ ẹlòmíì." Ibẹ̀ ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú, títí ilẹ̀ tún fi mọ́. Nígbà tí oòrùn yọ, bàbá ẹ̀ jáde wá, ó jókòó tì í lẹ́nu ọ̀nà náà. Ó ní, "Lọ pè é wá."

Mo pa ìwé dé. Ìbínú tó ru bò mí lọ́jọ́ náà, mi ò mọ̀ pé irú ẹ̀ ṣì kù lára mi. Gbogbo ayé mi! Mo ní ohun tí Àṣàbí bá ṣe ni màá ṣe. Ó mọ̀. Ó mọ ohun tí mo máa fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣe, ó sì wo omi, ó parọ́ fún mi.

Ní ọjọ́ Mọ́ńdè, mi ò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Bódìjà. Aṣọ tí mo ti ń rò pé màá wọ̀, mi ò wọ̀ ọ́. Abẹ́ igi máńgòrò tó wà lágbàlá bàbá wọn ni mo ti bá Akínbíyì, ó ń to àga. Irun ẹ̀ ti funfun lẹ́bàá etí. Nígbà tó gbójú sókè tó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àtijọ́ náà ni, ọkàn mi sì fò sí i láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi. Mo bínú sí ọkàn mi náà.

"Fáìzàh."

"Má pè mí ní Fáìzàh." Mo na ìwé sí i. "Níbo ni Àṣàbí ti padà lọ jókòó ti bàbá ẹ̀? Bá mi wá a."

Ó wo ìwé náà, kò gbà á. Ẹ̀rín kúrò lójú ẹ̀.

"Mo parọ́," ó ní.

"Kí ló dé?"

"N ò lè sọ."

"O ò lè sọ, àbí o ò fẹ́ sọ?"

"Mo ti ṣèlérí fún ẹnìkan pé n ò ní sọ."

"Obìnrin mìíràn ni?"

"Rárá! Ọlọ́run ò ní jẹ́."

"Ṣé ó ti sú ẹ ni? Ṣé ìyá ẹ ló ní o ò gbọdọ̀ fẹ́ Mùsùlùmí? Sọ fún mi, mi kì í ṣe ọmọdé mọ́, kò ní pa mí!"

Ó jókòó sórí àga tó ń tò, ó gbé orí sílẹ̀. "Fáìzàh, mo fẹ́ràn ẹ lọ́jọ́ tí mo parọ́ yẹn ju ọjọ́ èyíkéyìí lọ. Mo mọ̀ pé kò ṣeé gbà gbọ́. N ò ní nǹkan mìíràn tí mo lè sọ."

"Ó dáa," mo ní. "Má wá sílé wa ní Sátidé. Má wá mọ́ láé."

Mi ò sunkún títí mo fi délé. Ìyá mi wà lórí ẹní, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lẹ́yìn ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo jókòó sílẹ̀ níwájú wọn.

"Inú yín á dùn," mo ní. "Ó ti parí. Mo ti ní kó má wá."

Inú wọn ò dùn. Wọ́n gbé tẹ̀sùbáà sílẹ̀. "Kí ló ṣe fún ẹ?"

Mo rò gbogbo ẹ̀ fún wọn, ti ìwé, ti ẹ̀bá omi, ti irọ́, ti ìlérí tó ní òun ṣe fún ẹnìkan tí òun ò lè dárúkọ ẹ̀. Bí mo ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ìyá mi ń yí padà. Nígbà tí mo dé ibi ìlérí, wọ́n fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Títí di òní?" ni wọ́n wí. "Títí di òní, kò sọ?"

"Kí ni kò sọ, Ìyá?"

Wọ́n fà mí sún mọ́ra, wọ́n rọ ohùn sílẹ̀.

"Alhaji ránṣẹ́ pè é sí ṣọ́ọ̀bù ní Ring Road, kó tó lọ sí Adó. Mo wà níbẹ̀. Wọ́n ti ilẹ̀kùn. Mo rò pé wọ́n fẹ́ lé e ni. Wọ́n ṣí fìlà, wọ́n gbé e sórí àpò sìmẹ́ńtì, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀ fún ọmọ náà."

"Irọ́ ni!" Mo sọ bẹ́ẹ̀ sí ìyá mi, Ọlọ́hun foríjì mí.

"Mo rí i pẹ̀lú ojú mi méjèèjì. Bàbá ẹ tí kì í foríbalẹ̀ fún ẹ̀dá kankan. Ọmọ náà figbe ta, ó ju ara ẹ̀ sílẹ̀, òun náà dọ̀bálẹ̀. Àwọn méjèèjì kọjú síra wọn lórí ilẹ̀ nínú eruku sìmẹ́ńtì, kò sí èyí tó fẹ́ kọ́kọ́ dìde. Alhaji ní, 'Mo ti sin ọ̀kan láìrí òkú ẹ̀. Mo mọ̀ pé tó o bá pè é, á tẹ̀ lé ẹ. Jọ̀ọ́, má pè é.' Ọmọ náà ń sunkún, ó ní òun ti gbọ́, kí wọ́n ṣáà dìde. Wọ́n ní àwọn ò ní dìde àfi tó bá ṣèlérí pé o ò ní mọ̀ láé. Wọ́n ní tó o bá mọ̀ pé àwọn dọ̀bálẹ̀, o ò ní lè fojú bàbá wo àwọn mọ́."

Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ ọ́n. Tí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún ọmọdé, kí ló kù tí ọmọdé fẹ́ sọ? Kò sí ẹni tí wọ́n bí ire tó lè tẹ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ kọjá.

"Ìyá, kí ló wá dé tí ẹ ò fẹ́ kó wọlé wá?"

Omijé bọ́ lójú wọn. "Ojú ló ń tì mí, ọmọ mi. Mo dúró níbẹ̀, mi ò sọ nǹkan kan. Báwo ló ṣe máa jókòó kò mí lójú nínú yàrá yìí, tí màá máa bi í léèrè pé ọmọ ta ni?"

A jọ sunkún. Mo sunkún nítorí bàbá mi lórí ilẹ̀ yẹn, mo sunkún nítorí ọmọkùnrin tó wojú omi kó tó lè parọ́. Mo wá ẹni tí màá bínú sí, mi ò rí i. Irọ́ yẹn ló jẹ́ kí n mọ Abdulmojeed. Irọ́ yẹn ló bí Àníọlá. Ta ni màá ní kó wá gbà á padà?

Ìyá nu ojú wọn. "Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ṣì wà níbẹ̀ o, mi ò ní bá ẹ purọ́. Ìwọ lo máa jíhìn ẹ̀ fún Ọlọ́hun. Àmọ́ pe ọmọ náà."

Mo pè é. Ó gbé fóònù.

"Akínbíyì, Ìyá ní kó o wá ní Sátidé."

"Ṣé wọ́n sọ fún ẹ ni?"

"Wọ́n sọ fún mi."

Mo gbọ́ tó mí kanlẹ̀, bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. A kàn wà lórí fóònù bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Sátidé, Ọmọ́fẹ́ ló ṣáájú wọlé, ó ti wé gèlè bí ẹni tó ń lọ gba oyè. Akínbíyì tẹ̀ lé e. Àníọlá gbé omi wá, ó ń wò ó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ìyá mi jókòó sórí àga, wọ́n di ọwọ́ méjèèjì mú pọ̀. Akínbíyì ò tíì dé àárín yàrá tó fi dọ̀bálẹ̀ gbalaja.

"Dìde, ọmọ mi," ni Ìyá wí. "Dìde. O mọ̀ pé Alhaji kì í gbà á."

Kò dìde. Ó ti fi iwájú orí kan ilẹ̀.

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ti Bàbá ni mo fẹ́ dá padà. Ó ti pẹ́ lọ́rùn mi jù. Kò tọ́ sí mi."

Ọmọ́fẹ́, tí ẹnu ẹ̀ kì í sinmi, dákẹ́. Ìyá mi di apá àga mú, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n rìn lọ síbi tó wà, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì gbé ọwọ́ lé e lẹ́yìn.

"Alhaji kì í gbà á lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n tìẹ yìí, wọ́n ti gbà á. Dìde."

Ó dìde. Eruku wà níwájú orí ẹ̀, kò nù ún. Ìyá mú un lọ́wọ́ lọ síbi àga, wọ́n wá yíjú sí mi. "Fáìzàh, ẹnu ẹ ló kù o."

Gbogbo wọn ń wò mí. Mo dìde, mo mú ìwé Àṣàbí lórí tábìlì, mo gbé e lé Akínbíyì lọ́wọ́.

"Ka ìparí ẹ̀ fún mi," mo ní. "Má yọ nǹkan kan kúrò, má fi nǹkan kan kún un. Tó o bá kà á tán, wàá gbọ́ èsì mi."

Ọmọ́fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í nu ojú, ó ti mọ èsì náà. Akínbíyì fi awò sójú, ó wá ojú ewé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ó ka ibi tí Àṣàbí ti ṣí ilẹ̀kùn. Ó ka ibi tó ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tó dé ibi tí bàbá ti jáde wá jókòó ti ọmọ ẹ̀, kò lè lọ síwájú.

"Kà á lọ," ni Ìyá wí, wọ́n gbé ọwọ́ lé e léjìká. "Kà á lọ, ọmọ mi."

Ó sì kà á dé ìparí.